Ìwádìí Ọ̀mọ̀wé Tí Kò Padà sí Agbo-Ilé

Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ṣíwájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ti agbo-ilé kan bọ́ sí òmíràn ní Ìdíkàn, nínú ìlú àtijọ́ kan náà tí Ìsàlẹ̀ Òsì, Bẹẹrẹ, Mápó àti Ọjà'ba wà. Àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè ni wọ́n ń wá. Wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè tó ń dán ìrántí wò, wọ́n sì tún bi ọmọ tàbí ìyàwó ilé léèrè bóyá bàbá tàbí ìyá ṣì ń ṣe nǹkan bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lákòókò kan náà, àwọn ẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Indiana ń bi àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì ọdún márùn-ún jáde ní 2001 nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, ẹnu ya ọ̀pọ̀ onímọ̀. Nínú àwọn 2,459 tí wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn ní Ìbàdàn, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn 2,147 ti Indianapolis, ó jẹ́ 3.24. Ti Ìbàdàn kò tó ìdajì ti ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ nínú baba ńlá àwọn ará Indianapolis náà ti wá. Láti ìgbà náà ni àwọn olùwádìí ti ń wá ohun tó fà á kiri: ṣé oúnjẹ ni, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ṣé ohun àjogúnbá inú ara ni, àbí bí a ṣe ń gbé pọ̀?

Ìwádìí yìí gbé orúkọ Ìbàdàn ga, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sì dá wà. Láti 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ká ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, wọ́n fọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà 2,152 lẹ́nu wò lórí ogbó àti ìlera, wọ́n sì tún padà tọ̀ wọ́n lọ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Kí ìyẹn tó parí rárá, nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán àbùdá ènìyàn kárí ayé nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní HapMap, èèyàn 90 láti Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ náà wà ní ilé ìpamọ́ ní New Jersey títí di òní, kò sì wọ́pọ̀ kí ilé ìwádìí àbùdá kan wà láyé tí kò tíì lo ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Ará Ìbàdàn ti dáhùn ìbéèrè fún ayé, wọ́n ti na apá fún abẹ́rẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé tàbí oyè kejì nínú ìmọ̀ ìlera àti ìtọ́jú àwọn aláìlera kò yẹ kó gba oyè náà títí yóò fi padà sí agbo-ilé tó ti gba ìdáhùn, kó sì sọ èsì rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá. Kí yunifásítì fi í sára òfin rẹ̀, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ àánú tàbí ìwà rere ẹnì kan.

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe àwọn àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ńlá bíi ti Ìdíkàn ní owó láti òkèèrè, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń ṣe é sì ní láti mọ ará àdúgbò dáadáa kí ilẹ̀kùn má baà ti mọ́ wọn lójú. Fún HapMap, wọ́n tilẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láàárín àwọn ará àdúgbò tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kó máa ṣe alárinà láàárín wọn àti àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwọ̀n ọdún tí wọ́n fún un, ó ní ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, ó ní iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ bi ní ìbéèrè kí ìṣirò rẹ̀ tó dúró. Àárín ìlú àtijọ́ ló sì máa ń wá, nítorí ibẹ̀ ni èrò pọ̀ sí, ibẹ̀ ni bàbá àgbà, ọmọ, ìyàwó àti ọmọ-ọmọ ṣì ń gbé nínú ọgbà kan, ibẹ̀ ni mọ́gàjí, olórí agbo-ilé, ti lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣí ogún ilẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ kan. Bó bá ti kó ìwé ìbéèrè rẹ̀ jọ tán, ó di Yunifásítì. Ohun tí yóò pinnu oyè rẹ̀ láti ìgbà yẹn lọ ni àpilẹ̀kọ rẹ̀, ìdánwò àfẹnusọ níwájú olùdánwò tó ti òde wá, àti bóyá ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ gba iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde. Gbogbo àwọn tó ń gbọ́ èsì yìí ló jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ìyá tó lo wákàtí kan láti sọ bí òun ṣe ń gbé ọkọ òun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ láti orí bẹ́ẹ̀dì lọ sí balùwẹ̀ kò sí lára wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí òkúta kì í padà lọ ròyìn fún òkúta. Ìdí tí ọ̀rọ̀ ìlera fi yàtọ̀ hàn, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú sì tún wá yàtọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibí yìí gan-an ni gbogbo àlàyé mi rọ̀ mọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe ìwádìí lórí oògùn, dókítà ni yóò lo èsì rẹ̀. Dókítà gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè ka ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀. Èsì náà lè gba UCH, ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, kọjá kó dé ara aláìsàn láìjẹ́ pé aláìsàn mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe ń tọ́jú àgbàlagbà tó ti ń ṣarán, tàbí ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, tàbí ọmọ tí a bí pẹ̀lú àìlera, ta ni yóò lo èsì rẹ̀? Kì í ṣe dókítà ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin tó ń ta ata l'Ọ́jà'ba tó sì ń sáré wálé lọ́sàn-án láti bọ́ ìyá rẹ̀ ló ń ṣe é. Ìyàwó ilé tó ń fọ aṣọ ìtọ̀ bàbá ọkọ ló ń ṣe é. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní òṣìṣẹ́ tí ìjọba ń san owó fún láti máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ní ilé tí wọ́n ń kó arúgbó sí. Níbi tiwa, ẹbí ni ilé ìtọ́jú, òun náà ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tó wà ní UCH, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih sọ tí wọ́n sì ṣí ní 2012, jẹ́ ohun àmúyangàn, ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo ni, ìwọ̀nba àgbàlagbà tí wọ́n bá gbé débẹ̀ ló sì lè rí. Nítorí náà, ìwádìí ìtọ́jú tí kò bá dé etí ọmọbìnrin ọlọ́ja yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó lè lò ó. Ẹ̀rí wà nínú rẹ̀, àǹfààní kò sí.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí èsì kan lè ṣe bó bá dé ibi tó yẹ. Àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ ní òru, ó lè máa fi ẹ̀sùn olè kan ọmọ rẹ̀, ó lè jáde kó má mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ní ilẹ̀ wa, a mọ irú orúkọ tí wọ́n ń sọ obìnrin arúgbó tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bó bá ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Wọ́n á ní ó ń jẹ́wọ́ àjẹ́ ni. Àìsàn ni, ó ní bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú sì lè wà lára ohun tó ń fà á. Yunifásítì Ìbàdàn ti mọ èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wà nínú ìwé ní ilé ìkàwé ìṣègùn tí wọ́n fi orúkọ Látúndé Ọdẹ́kù sọ ní UCH. Láti ibẹ̀ dé Bẹẹrẹ, máìlì mélòó ni? Ìmọ̀ tó lè gba ìyá arúgbó kan lọ́wọ́ ẹ̀gàn àti ìyà wà lórí òkè, ẹ̀gàn àti ìyà ń bẹ nísàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tí ó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti gbé ọ̀kan bá èkejì.

Ìtàn ìlera ilẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ fi hàn pé bí ìmọ̀ bá sọ̀kalẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ sòbìà, aràn tí omi mímu ń gbé wọ ara, ló dára jù láti fi hàn. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó ní sòbìà jákèjádò Nàìjíríà, wọ́n rí iye tó lé ní 650,000. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìà, kò sì sí oògùn tó ń wò ó, títí di òní. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá, ṣáájú ìgbà yẹn. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn gbà pé sòbìà wà lára gbogbo ènìyàn láti ìbí, bí iṣan ṣe wà, pé nǹkan mìíràn ló ń mú un yọ jáde. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó sẹ́ omi. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n jókòó ti àwọn ará ìlú, kí wọ́n fi ohun tí ìwádìí rí hàn wọ́n ní èdè wọn, kí wọ́n kọ́ àwọn tí ará abúlé fúnra wọn yàn, kí aṣọ asẹ́ sì wà fún títà ládùúgbò. Ọ̀rọ̀ ẹnu, aṣọ asẹ́ àti kànga ló lé sòbìà lọ. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn onímọ̀ yẹn bá ti kó èsì wọn sínú ìwé nìkan, sòbìà ì bá ṣì wà lẹ́sẹ̀ àwọn ará Ìdèrè.

Dókítà David Morley ṣe irú rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní àwọn ọdún 1950. Ó ń ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ọmọ kéékèèké ṣe ń dàgbà àti ohun tó ń pa wọ́n. Ó kó ohun tó rí jọ sórí káàdì kan tí wọ́n ń fi ìlà sí bí ọmọ bá ti ń sanra sí i, káàdì náà sì wà lọ́wọ́ ìyá ọmọ, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ìyá tí kò kàwé lè rí i pé ìlà ọmọ òun ti ń wọlẹ̀, kó sì tètè gbé e wá. Káàdì yẹn kúrò ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó tàn ká ayé. Ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1954, Dókítà Adéoyè Làḿbò náà fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Aro ká, ìbátan aláìsàn sì ní láti bá a gbé níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ti Aro ni pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nílé jẹ́ ara ètò ìwòsàn, kò sì ṣeé fi sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn tí mo dárúkọ yìí kì í ṣe aláàánú lásán. Iṣẹ́ ìwádìí wọn dára nítorí pé wọ́n gbà kí àwọn ará ìlú wọ inú rẹ̀.

Àtakò tó máa kọ́kọ́ jáde ni pé èdè Yorùbá kò lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé àtakò yìí ló lágbára jù létí, òun náà ló sì jẹ́ aláìlágbára jù bí a bá tú u wò. Kí wọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ Ìdíkàn, wọ́n ní láti ṣe ìbéèrè ìrántí tó bá Yorùbá mu, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, kí ẹlòmíràn tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè rí i pé kò yàtọ̀, kí wọ́n sì dán an wò lára àwọn tí kò ka ìwé rí. Irú iṣẹ́ yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ bi ará Ìsàlẹ̀ Òsì ní ìbéèrè ń ṣe lónìí. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ máa ń fẹ́ rí ìwé ìfohùnṣọ̀kan ní èdè tí ẹni tí yóò fọwọ́ sí i gbọ́. Yorùbá ti gbé ìbéèrè, ó ti gbé ìwé ìfohùnṣọ̀kan, ìdáhùn fúnra rẹ̀ ní Yorùbá ló ti jáde. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé èsì nìkan ni kò lè gbé? Yàtọ̀ sí èyí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní Ifẹ̀ láti 1970, àwọn onímọ̀ èdè sì ti ṣe ìwé èdè-ìperí. Ẹ tan rédíò sí Amúlùdùn lówùúrọ̀, ẹ ó gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, kíndìnrín àti àrùn jẹjẹrẹ lẹ́nu àwọn tí kò lọ sí yunifásítì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè sọ ohun tó rí fún ẹni tó bi ní ìbéèrè, ó ṣeé ṣe kí òun gan-an má tíì mọ ohun tó rí.

Àtakò kejì wúwo jù. Wọ́n ní èsì ìwádìí kan ṣoṣo kì í ṣe òótọ́ tó dúró, pé ẹni tí kò mọ bí ìmọ̀ ṣe ń lọ lè gbọ́ ọ kó sì ṣi í lò. Òótọ́ wà ńbẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tilẹ̀ wà nínú iṣẹ́ Ìdíkàn fúnra rẹ̀. Àbùdá àjogúnbá kan wà tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tó máa ń jẹ́ kí àrùn ìgbàgbé tètè bá àwọn aláwọ̀ funfun. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wò ó ní Ìbàdàn, kò dàbí ẹni pé ó ń ṣe irú ọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Nígbà tí wọ́n tún wò ó síwájú pẹ̀lú èèyàn tó pọ̀ sí i, wọ́n rí i pé ó ń ṣe díẹ̀, pàápàá lára ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ẹni tó bá ti lọ kéde ti àkọ́kọ́ ní agbo-ilé pé ẹ má bẹ̀rù ì bá ti sọ ju bó ṣe mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí èyí kọ́ wa ni bí a ó ṣe sọ ọ́, kò kọ́ wa pé ká dákẹ́. Àgbà Yorùbá mọ bí a ṣe ń sọ pé ibi tí ojú mi tó rèé, kò tíì tó ibẹ̀ yẹn. Ẹ sì má jẹ́ ká gbàgbé pé bí onímọ̀ bá dákẹ́, ẹlòmíràn kò ní dákẹ́. Ẹni tó ń ta àgbo nínú ọkọ̀ yóò sọ tirẹ̀, wòlíì yóò sọ tirẹ̀, fídíò orí WhatsApp yóò sì dé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìbàjẹ́ tí ìdákẹ́ ń fà ju èyí lọ. Ní Kano lọ́dún 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírunyírun, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ 200 ni wọ́n lò, 100 gba oògùn tuntun, 100 gba èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀. Mọ́kànlá nínú wọn kú. Ọ̀pọ̀ òbí sọ pé àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ilé iṣẹ́ náà sì gbà ní 2009 láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìjọba Kano. Ní 2003, nígbà tí wọ́n gbé àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ dé Kano, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá a dúró, ìrántí Trovan sì wà lára ohun tí àwọn èèyàn ń tọ́ka sí. Àkóbá tó ṣe fún àwọn ọmọ kò tán bọ̀rọ̀. N kò fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wé Pfizer o. Ohun tí mo ń wí ni pé ìfọkàntán àwọn ará ìlú sí ìwádìí jẹ́ ohun tí gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn jọ ni, ẹni tó bá sì lò ó tán láì dá nǹkan kan padà ń ná ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Wọ́n tún ń sọ pé èsì lè ba àdúgbò lórúkọ jẹ́. Ká ní ìwádìí rí i pé wọ́n ń fi àgbàlagbà sílẹ̀ láìtọ́jú ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ṣé dandan ni kí a lọ sọ ọ́ lójú wọn? Èsì náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò tó hàn gbangba nínú àkọlé. Ará Jámánì lè kà á. Àwọn kan ṣoṣo tí kò mọ ohun tí wọ́n sọ nípa wọn ni àwọn tí wọ́n sọ nípa wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ̀ pé òun yóò padà wá dúró níwájú mọ́gàjí àti àwọn ìyálé, yóò ṣọ́ bó ṣe ń kọ̀wé. Yóò béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá kí òun dárúkọ àdúgbò tàbí kí òun má dá a. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tún èsì rẹ̀ ṣe fún un: kí wọ́n sọ pé ohun tó pè ní àìtọ́jú kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọmọ mẹ́ta ló ń pín ìtọ́jú ìyá náà láàárín ọ̀sẹ̀, pé ìgbà tó wá kì í ṣe ọjọ́ ẹni tó wà nílé. Olùdánwò láti òde kò lè mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ti owó ni mo mú kẹ́yìn nítorí òun ló kan akẹ́kọ̀ọ́ jù. Ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ó ń wọkọ̀, ó ń san owó àwọn tó ń bá a bi ìbéèrè, ó ń san owó ìgbìmọ̀. Fífi ẹrù mìíràn kún un lè dàbí ìwà ìkà. Ṣùgbọ́n kí ni a ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ojú ewé méjì ní Yorùbá, ọ̀sán ọjọ́ kan ní agbo-ilé, àti ẹ̀dà kan tí yóò fi sílẹ̀ ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ibẹ̀. Owó tí ó fi ń di àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní ẹ̀yìn líle, pẹ̀lú lẹ́tà wúrà, fún àwọn tí kò ní ṣí i lẹ́ẹ̀kejì, lè ju ìyẹn lọ. Bó bá di dandan kí a dín nǹkan kù, mo mọ èyí tí n ó dín kù.

A kò sì ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ní Nẹ́dálándì, ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, ṣùgbọ́n ó ti di àṣà kí ojú ewé díẹ̀ ní èdè Dutch wà lẹ́yìn rẹ̀, kí òbí àti aládùúgbò akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ohun tó ṣe. Ní Ìlú Ọba, àjọ tó ń pín owó ìwádìí ìlera àti ìtọ́jú, NIHR, kì í gba ìwé ẹni tó ń tọrọ owó tí kò bá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó yé ará ọjà. Ìkéde Helsinki, tí àwọn dókítà àgbáyé ń tẹ̀ lé láti 1964, sọ ọ́ kedere nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2013 pé kí gbogbo ẹni tó kópa nínú ìwádìí ní àǹfààní láti gbọ́ ohun tó jáde níbẹ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìlera kan ní Ìbàdàn tí yóò sọ pé òun kò mọ Ìkéde náà. Èyí tó ṣẹ́ kù ni kí ẹnìkan máa bèèrè bóyá wọ́n ti ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó wà lókè òkun pẹ̀lú, bóyá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, Ìlú Ọba kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ lọ́wọ́ wá mọ́, àyàfi àwọn tó ń ṣe oyè ìwádìí àti ìwọ̀nba àwọn tí ìjọba ń rán. Ẹni tó bá mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń wá ọ̀nà yóò rí i pé oyè ìwádìí, pàápàá nínú ìlera àti ìtọ́jú tí wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ fún lọ́hùn-ún, yóò máa wu èèyàn sí i. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún un. Ṣùgbọ́n ibo ni wọn yóò ti rí ẹni tí wọn yóò bi ní ìbéèrè? Ọ̀pọ̀ wọn yóò wọkọ̀ òfuurufú wálé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn yóò dé Bẹẹrẹ àti Mápó pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, wọn yóò sì padà. Ohun tí yóò di oyè ní Leeds tàbí Manchester ni ìnira ìyàwó ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Òfin tí mo ń sọ gbọ́dọ̀ mú àwọn náà, ibi tó sì ti lè mú wọn ni àyè tí wọ́n ti ń gba àṣẹ kí wọ́n tó wọ agbo-ilé: ìgbìmọ̀ ìwádìí ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ti Yunifásítì pẹ̀lú UCH.

Bí wọ́n ṣe lè ṣe é kò ṣòro. Ìwé ìfohùnṣọ̀kan tí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ń fọwọ́ sí máa ń ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń dúró. Kí ìgbìmọ̀ má lu òǹtẹ̀ sí i àyàfi bó bá ní ìlà kan tó sọ oṣù àti ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò padà wá sọ èsì, àti nọ́ńbà ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ tí wọn yóò pè bí kò bá wá. Kí ojú ewé méjì ti Yorùbá wà níwájú olùdánwò pẹ̀lú àpilẹ̀kọ lọ́jọ́ ìdánwò àfẹnusọ, kí ẹnìkan láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè sì ti kà á. Kí mọ́gàjí tàbí olórí ilé ìlera alábọ́ọ́dé fọwọ́ sí ìwé kékeré kan pé akẹ́kọ̀ọ́ náà wá, pé wọ́n bi í ní ìbéèrè, pé ó dáhùn. Ẹ̀ka tó ń bójú tó oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka ìlera àwùjọ, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ, kó fi ọdún méjì dán an wò, kó sì gbé ohun tó bá rí jáde ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá.